Ọ̀mì nínú àṣekágbá: kí ló dé tí Collingwood àti St Kilda fi gbá a lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2010?

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Melbourne, ó sì fi fídíò àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà ti ọdún 2010 ránṣẹ́ sí mi, èyí tí Collingwood àti St Kilda gbá. Mo wò ó tán, ìparí rẹ̀ kò yé mi. Sáírìn dún, ẹnikẹ́ni kò yọ̀, ńṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wó sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ mi ní ọ̀mì ni, pé wọ́n tún un gbá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo ka góòlù wọn: St Kilda jẹ mẹ́wàá, Collingwood jẹ mẹ́sàn-án. Ọ̀mì wo nìyẹn? Kí ló dé tí wọn kò fi àkókò kún un, tàbí kí wọ́n gbá pẹ́náritì, tàbí kí wọ́n pín ife náà? Àbí owó ni wọ́n fẹ́ tún pa? Ẹ sì bá mi sọ òótọ́: ṣé agbábọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù ta yẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí eré ń parí lọ ni ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí wàhálà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bí a bá ní ká kà á, ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ yín lọ́kàn: ó jọ lójú yín pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ kan dù ú ní ọjọ́ kìíní, wọ́n sì wá lànà fún ẹgbẹ́ kejì ní ọjọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ ìdí tó fi jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó bá fi ojú bọ́ọ̀lù tiwa wo tiwọn, nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Melbourne, ó tó oṣù mélòó kan tí mo fi ń ka góòlù nìkan, tí mo ń bá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jiyàn lórí ẹgbẹ́ tó borí, tí wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó wá sí ìdí ayò tí kò mọ iye ọmọ tó wà nínú ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí kíka àmì kò bá yéni, ìyókù kò lè yéni. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò sí i, èèyàn 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá, kò sì sí aṣọ́lé rárá. Ní ìkángun pápá kọ̀ọ̀kan, òpó mẹ́rin ló wà: méjì tó ga fíofío láàárín, àti méjì tó rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹgbẹ́ kan bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó gíga méjèèjì kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, góòlù nìyẹn, àmì 6 ló jẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àlàfo òpó gíga àti òpó kúkúrú, tàbí tó ba òpó gíga, tàbí tí ọwọ́ alátakò kàn án kó tó kọjá ìlà, àmì 1 péré ni. Behind ni wọ́n ń pe àmì ẹyọ kan yìí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá kọ 10.8 síwájú orúkọ St Kilda, ohun tó túmọ̀ sí ni góòlù mẹ́wàá àti behind mẹ́jọ: 60 àti 8, ó di 68. Collingwood ní 9.14: góòlù mẹ́sàn-án jẹ́ 54, behind mẹ́rìnlá gorí rẹ̀, òun náà di 68. Ọ̀mì ni lóòótọ́. Góòlù tí ẹ kà kò ní àṣìṣe nínú, àmọ́ ẹ kò ka àmì ẹyọ kan tí bọ́ọ̀lù tiwa kò ní.

Àwọn kan a máa sọ pé àánú ni behind jẹ́, pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń tu ẹni tó tàsé nínú. Mi ò fara mọ́ ọn. Behind ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ń fi gbogbo ọ̀sán kọlu ẹnu ọ̀nà ọ̀tá rí nǹkan kan gbà, òun kan náà ló sì ń fìyà jẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún. Ní àṣekágbá ọdún 1948, Essendon gbá 7.27, Melbourne gbá 10.9, àwọn méjèèjì sì ní 69. Ẹ wo iye ìgbà tí Essendon dé ẹnu góòlù: ìgbà 34, nígbà tí ti Melbourne jẹ́ 19. Ẹgbẹ́ tó kó 27 jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí, ta ni ó fẹ́ bá jà? Ní ọdún 2008, Hawthorn tilẹ̀ sọ behind di ohun ìgbèjà. Nígbàkígbà tí Geelong bá ká àwọn ẹlẹ́yìn wọn mọ́ ẹnu góòlù, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, kí ọ̀tá gba àmì 1 kó má baà gba 6. Ìgbà 34 ni Geelong rí àmì gbà lọ́jọ́ náà, ti Hawthorn jẹ́ 25, síbẹ̀ Hawthorn ló gbé ife lọ, 115 sí 89. Ó bí àwọn aláṣẹ nínú débi pé ní ọdún 2009 wọ́n ṣe òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé bí ẹnìkan bá ní kí a máa fi iye góòlù nìkan yanjú ọ̀mì, eré mìíràn ni ó fẹ́ ká máa gbá. Lọ́dún 2023, Brisbane jẹ góòlù 13, Collingwood jẹ 12, Collingwood ló sì gba ife, 90 sí 86, kò sì sí ará Brisbane kan tó lọ sílé ẹjọ́.

Ní báyìí, ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni, ní pápá Melbourne Cricket Ground tí gbogbo èèyàn ń pè ní MCG, òǹwòran 100,016 sì wà níbẹ̀. Collingwood ni ó parí líìgì ọdún náà ní ipò kìíní. St Kilda ní tirẹ̀ ti pàdánù àṣekágbá ọdún tó ṣáájú sọ́wọ́ Geelong pẹ̀lú àmì 12 péré, ife kan ṣoṣo tí wọ́n sì tíì gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ ni ti ọdún 1966. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i. Nígbà tí eré fi máa dé ìlàjì, Collingwood ti fi àmì 24 ṣíwájú, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti rò pé ó ti parí. Kò parí. St Kilda ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Lenny Hayes ń bẹ nídìí gbogbo rẹ̀. Ní ìdámẹ́rin ìkẹyìn, Brendon Goddard fò sókè ju orí gbogbo àwọn tó yí i ká lọ, ó hán bọ́ọ̀lù, ó sì gbá a wọlé, St Kilda bọ́ síwájú. Travis Cloke dá a padà pẹ̀lú góòlù tó fi Collingwood síwájú pẹ̀lú àmì kan. Lẹ́yìn náà ni Hayes gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan lọ sí ẹnu góòlù, Stephen Milne, ẹni tí ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ń sá tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù ta, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yí wọ inú àlàfo behind. Àmì 1. 68 sí 68. Wọ́n tún jà díẹ̀ sí i, sáírìn sì dún.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ rí nínú fídíò yẹn kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìdààmú, nítorí ọ̀pọ̀ òǹwòran, àní àwọn tó bá eré náà dàgbà pàápàá, ni kò dá lójú pé àkókò kò ní í kún un. Ó ṣe tán, 1977 ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35 nígbà náà kò lè rántí rẹ̀. Nick Maxwell, balógun Collingwood, bínú ní gbangba sí òfin tó ní kí wọ́n tún un gbá lọ́jọ́ yẹn kan náà, kò fi bò.

Èyí gbé wa dé ibi òfin fúnra rẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí Collingwood tàbí nítorí St Kilda. Bí ọ̀mì bá wáyé nínú ìdíje líìgì lásán, wọ́n á pín àmì ìgbéléwọ̀n mẹ́rin tó tọ́ sí olùborí sí méjì-méjì, kálukú á sì máa lọ sílé. Bí ó bá wáyé nínú àṣekágbá, wọ́n á tún odindi eré náà gbá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọdún 1948 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, tí Melbourne sì na Essendon 89 sí 50 nígbà tí wọ́n padà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní ọdún 1977, nígbà tí góòlù Ross Dunne dá Collingwood padà sí dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú North Melbourne, 76 sí 76. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, North borí pẹ̀lú 151 sí 124. Láàárín àṣekágbá tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, mẹ́ta péré ló parí sí ọ̀mì, nítorí pé àmì tí wọ́n ń kó jọ nínú eré kan pọ̀ débi pé ó ṣòro kí ó bára dọ́gba. Òfin tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọdún kì í rí ẹni tún un ṣe. Àfi ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí pé ó wà.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi yan àtúngbá? Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n. Bí o bá ní 24, tí èmi náà ní 24, ọ̀mì la ta, a ó da ọmọ ayò padà sójú ọpọ́n, a ó tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í sọ pé kí a ta ojú méjì péré kún un kí a lè mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè. Èrò àwọn tó ṣe òfin bọ́ọ̀lù yìí kò jìnnà sí ìyẹn: eré tó tọ́ láti fi mọ akọni ni odindi eré, ìdámẹ́rin mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 20 láìka àkókò tí wọ́n ń fi kún un nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró, èyí tó máa ń sọ ọ́ di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n gbà pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ gbá kò lè fi ẹni tó dára jù hàn.

Ìdí mìíràn wà tí wọn kì í sọ púpọ̀, èmi sì rò pé òun ló lágbára jù. Àtúngbá rọrùn nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ wà nínú ìlú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀, líìgì yìí jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Victoria nìkan, Melbourne àti agbègbè rẹ̀ sì ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ilé. Ìgbà tí South Melbourne kó lọ sí Sydney ní ọdún 1982 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí West Coast láti Perth àti ẹgbẹ́ Brisbane sì wọlé ní ọdún 1987. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹgbẹ́ tó ta ọ̀mì nínú àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti Melbourne. Ọlọ́jà tó wo eré ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1948 lè wọ tíráàmù padà wá ní Sátidé kejì. Àmọ́ ẹni tó ti Perth wá, tó fi wákàtí bíi mẹ́rin jókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú, tó ti san owó ilé ìtura, tó sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyà ni àtúngbá jẹ́ fún un. Wọ́n ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1990, Collingwood àti West Coast ta ọ̀mì nínú ọ̀kan lára àwọn eré tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n ní láti tún un gbá, gbogbo ètò ìdíje sì sún síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, tí àṣekágbá fi bọ́ sínú oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi àfikún àkókò sínú gbogbo eré ìparí yòókù, North Melbourne àti Hawthorn sì ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ní ọdún 1994. Àṣekágbá nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Wọ́n kà á sí ohun ọ̀wọ̀.

Ní ti owó tí ẹ bèèrè: owó wọlé, ẹni tó bá sọ pé kò wọlé ń parọ́. Òǹwòran 93,853 ló san owó tuntun wọ MCG ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, tẹlifíṣọ̀n náà sì tún ní ọjọ́ ńlá mìíràn láti ta ìpolówó. Ṣùgbọ́n pé owó wá láti inú nǹkan kan kò fi hàn pé nítorí owó la ṣe é. Òfin náà ti wà ní ọdún 1948, nígbà tí kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n ní Ọsirélíà, torí pé ọdún 1956 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo lè gbà ni pé bí àtúngbá bá jẹ́ ohun tó ń pa owó àwọn aláṣẹ lára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tètè pa á rẹ́.

Ẹ tún bèèrè ìdí tí wọn kò fi gba ọ̀nà mìíràn. Pẹ́náritì kò bá eré yìí mu, nítorí kò sí aṣọ́lé tí a ó dojú rẹ̀ kọ. Ohun tó kù ni kí èèyàn dá dúró kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó méjì, ìyẹn sì jẹ́ ìdánwò ẹsẹ̀ nìkan nínú eré tí ọwọ́, èjìká àti ẹ̀dọ̀fóró ti ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Pípín ife dùn létí, àmọ́ n kò tíì bá agbábọ́ọ̀lù kan pàdé tó fẹ́ ìdajì ife. Bí a bá ní kí iye góòlù yanjú rẹ̀, St Kilda ìbá gba ti 2010, Melbourne ìbá gba ti 1948, Collingwood ìbá sì gba ti 1977, nítorí góòlù mẹ́wàá ni wọ́n jẹ sí mẹ́sàn-án North. Bí a bá sì ní kí a gbé e fún ẹni tó wà lókè nínú líìgì, Collingwood ìbá gbé ti 2010 láìtún gbá bọ́ọ̀lù kankan, St Kilda ìbá sì máa sunkún dòní. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tí ó ṣe ní àǹfààní kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí àtúngbá àti àfikún àkókò fi dára jù wọ́n lọ ni pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tí wọn yóò ṣe lóore.

Eré kejì kò jọ ti ìkíní rárá. Collingwood mú Leon Davis jáde, wọ́n sì fi Tyson Goldsack rọ́pò rẹ̀, Goldsack yìí kan náà ló sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí i, Nick Riewoldt, balógun St Kilda, gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ẹnu góòlù láìsí ẹni níwájú rẹ̀. Bó ti gbé ẹsẹ̀ láti gbá a wọlé, Heath Shaw ti sá dé láti ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì bo bọ́ọ̀lù náà mọ́ orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ yín bá lè rí fídíò èyí, ẹ ní kó fi ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà kan ni eré gbà títí ó fi parí, 16.12 sí 7.10, ìyẹn 108 sí 52. Ife kẹẹ̀ẹ́dógún Collingwood nìyẹn, àkọ́kọ́ láti ọdún 1990, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Mick Malthouse. Ohun àrà kan tún wà: oyè Norm Smith, tí wọ́n ń fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú àṣekágbá láti ọdún 1979, bọ́ sọ́wọ́ èèyàn méjì lọ́dún kan náà, Hayes ti St Kilda ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti Scott Pendlebury ti Collingwood ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ méjì tó bára dọ́gba ní Sátidé kan fi àmì 56 jìnnà síra wọn ní Sátidé kejì? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ẹni tó fi gbogbo agbára lé ọ̀tá bá ní eré kìíní ló máa ń ṣubú ní èkejì, nítorí ó ti ná gbogbo ohun tó ní. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì bá ti St Kilda mu, ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn méjì yòókù, kò dúró. Ní ọdún 1977, Collingwood ni ó ti wà níwájú tí North Melbourne lé e bá kí Dunne tó dá a padà, síbẹ̀ North ló borí ní àtúngbá. Ní ọdún 1948, ẹni tó fi ànfààní ṣòfò jù ló pàdánù. Èmi gbà pé Collingwood ni ẹgbẹ́ tó dára jù lọ́dún 2010, pé eré ìkíní ni ó ṣàjèjì, kì í ṣe èkejì, àmọ́ n kò sí nínú yàrá ìmúra St Kilda ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun tí mo ń sọ kò sì kọjá ojú òǹwòran.

Ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ AFL, ìyẹn líìgì yìí, pa àtúngbá rẹ́. Láti ìgbà náà, bí àṣekágbá bá parí sí ọ̀mì, wọ́n á gbá àfikún àkókò kúkúrú méjì, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ pápá láàárín rẹ̀. Wọn kò tíì lò ó nínú àṣekágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ ní ọdún 2018, tí West Coast fi àmì 5 borí Collingwood, àti ní ọdún 2023, tí ó jẹ́ 4. Ẹ lè bi mí bóyá ìpinnu yẹn dára. Fún agbábọ́ọ̀lù àti fún ẹni tó ti Perth tàbí Adelaide wá, ó dára, èmi kò sì ní jà fún àtúngbá. Síbẹ̀, nǹkan kan sọnù. Bí àfikún àkókò bá ti wà ní ọdún 2010, góòlù kan láti ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ni ì bá yanjú rẹ̀, St Kilda sì lè ti gba ife tí àtúngbá fi hàn pé agbára wọn kò tó. Ọmọlẹ́yìn St Kilda kan tí mo sọ èyí fún rẹ́rìn-ín, ó ní òun ì bá gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Milne. Kò ba ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún fídíò náà wò, kí ẹ sì fi ojú sí bọ́ọ̀lù, kí ẹ má wo ọkùnrin náà. Ọ̀nà tó tọ́ ló gbà sá, ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù ta sí ló ń lọ. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, bí orí rẹ̀ tó mú bá kan ilẹ̀, ó lè ta síwájú. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó lè yí sí ibikíbi, ẹsẹ̀ tó yára jù láyé kò sì lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn ta, Collingwood ni ó wà níwájú pẹ̀lú àmì kan. Behind tó yí kọjá níwájú Milne ni ó mú St Kilda dọ́gba. Láìsí i, wọn ì bá ti pàdánù lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kí ẹ fi ọdún 1966 sọ́kàn. Ní MCG kan náà, pẹ̀lú Collingwood kan náà, àmì ẹgbẹ́ méjèèjì ti bára dọ́gba nígbà tí eré ń parí lọ, ni Barry Breen ti St Kilda ta ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù kan láàárín èrò, tí bọ́ọ̀lù náà sì ta kítíkítí lọ gba àlàfo behind kọjá. 74 sí 73. Ife kan ṣoṣo tí St Kilda ní nìyẹn, àmì ẹyọ kan irú èyí tó kọjá níwájú Milne ló sì gbé e fún wọn.